Dírẹ́bà Ṣakí Tó Lọ Fẹsẹ̀ Rìn ní Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. "Bàbá Rúkà, òjò dídì ńkọ́? Báwo ni bàlúù ṣe rí?" Ẹ jẹ́ kí n tètè dá yín lóhùn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìgbà ooru ni mo lọ, n kò rí òjò dídì kankan. Bàlúù sì dà bí bọ́ọ̀sì tí wọn kì í jẹ́ kí èrò sọ̀ níbi tó wù ú. Ó parí. Ohun tí mo gbé bọ̀ láti àjò ju ìyẹn lọ, inú mi sì ń dùn láti sọ ọ́ débi pé n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fi sí wa lábẹ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi Tàjúdéènì, lọ́rì ni mo fi gbogbo ọjọ́ agbára mi wà láti Ṣakí dé Ìbàdàn, tí mo ń kó iṣu Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti gbágùúdá Ìlùà. Bí mo bá fẹ́ kí ẹni tó ń gbé ní ojúlé kẹta sí tiwa, ọ̀kadà ni mò ń pè. Nígbà tí Rúkáyátù, àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ìgboro ṣe ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ pé kí n wá kí òun, gbogbo gáréèjì ló gbọ́. Mo sọ fún wọn pé mọ́tò olówó ńlá ni ọmọ mi yóò máa fi gbé mi kiri bí ọba. Àṣé ọmọ mi kò ní mọ́tò rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nílé kí n tó lọ, n ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ agboolé wa mọ ọ̀nà àbùjá tó la àárín rẹ̀ kọjá. Láti iwájú tó kọjú sí títì, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ ó gba abẹ́ igi odán, ẹ ó sì yọ sẹ́yìn lẹ́bàá mọ́sálásí. Àwọn baba wa ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, bó bá ti lè ké àgò kí ó sì kí ẹni tó bá bá nílẹ̀. Ìyá mi ló ń lò ó jù. Orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò gba ibẹ̀ lọ kírun, yóò sì yà lọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ohun tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀.

Lásísì, àbúrò mi, wá ní òun fẹ́ fi gèètì irin dí ọ̀nà náà pa. Kì í ṣe ìkà, ó ní ìdí. Àwọn ọlọ́kadà ti sọ agboolé wa di títì, wọ́n ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán tí obìnrin gbé ọbẹ̀ kà, àwọn tó sì jí ewúrẹ́ wa gbé, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e lé tí wọ́n fi sá lọ. Ṣùgbọ́n bí gèètì náà bá dúró, títì ńlá ni ìyá mi yóò máa gbà yípo, níbi tí àwọn trélà ń bá eré bọ̀ láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní lè yípo. Yóò kàn jókòó sílé ni. Lásísì ní kí n sọ tèmi, nítorí èmi ni àgbà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀. Gèètì ti dé ná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìyá mi sì ń wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń wo àlejò tí kò sọ ìgbà tí yóò lọ.

Ìlú tí lọ́rì lè yí padà sí

Sọ́ọ̀tì Léèkì ni wọ́n ń pe ìlú náà, nítorí adágún ńlá kan wà nítòsí rẹ̀ tí omi rẹ̀ jẹ́ kìkì iyọ̀. Bí mo ti jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, tí mo rí òkè rẹpẹtẹ tó tò lọ bí ògiri, igbe ni mo fi ta. "Rúkà! Òkè-Ògùn ni wọ́n tún gbé mi padà wá!" Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bíi ti ọyẹ́ wa, ètè mi bẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Rúkà mú nǹkan kékeré kan jáde pé kí n fi pa ètè. Mo bi í bóyá wọ́n ní òrí. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí ilé ti ń wu ọmọ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi ni títì wọn. Ó fẹ̀! Rúkà ní àwọn tó tẹ ìlú náà dó, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ni wọ́n fi kó ẹrù wá, wọ́n sì fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè yí padà lójú títì láìfà sẹ́yìn rárá. Mo kan sáárá sí wọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti yí lọ́rì tó kún fún iṣu padà lójú ọ̀nà Ìlùà nígbà òjò yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ títì lójú ni wọ́n ṣe pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin ràbàtà-ràbàtà, kí olúkúlùkù lè dáko sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Oko ti pòórá. Ilé ìtajà, ilé ìfowópamọ́ àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kún ibẹ̀ báyìí, wọ́n sì fara mọ́ra láìsí àlàfo. Bó o bá dúró ní iwájú ilé kan, tí ibi tó ò ń lọ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, gbogbo onígun mẹ́rin náà lo máa yípo. Oòrùn yóò máa pa ọ́, ògiri yóò máa bá ọ lọ, kò ní sí ilẹ̀kùn, kò ní sí ibòji. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo bọ́ bàtà, mo wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn, Bàbá mi," ni Rúkà wí nígbà tó ń fi omi gbígbóná wọ́ ọ. "À ń wá bá a ṣe máa la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba àárín wọn kọjá, káwọn èèyàn má máa yípo mọ́."

"Wọ́n gbé ọ wá láti Ṣakí kó o wá la ọ̀nà àbùjá fún wọn?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà agboolé wa ni mo máa ń sọ fún wọn níbi ìpàdé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rántí gèètì tó fẹ̀yìn ti ògiri, n kò sì sọ nǹkan kan fún un lọ́jọ́ náà.

Àsíá

Ẹ gbọ́ èyí. Níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá títì, wọ́n so ike kan mọ́ òpó, àsíá kéékèèké aláwọ̀ ọsàn sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ tó o fẹ́ sọdá, o ó mú ọ̀kan, o ó nà án síwájú, o ó máa rìn lọ. Bó o bá dé òdìkejì, o ó fi í sínú ike tó wà lọ́hùn-ún fún ẹni tó ń bọ̀. Mo bi Rúkà pé ta ló ń ṣọ́ wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Mo ní tó bá jẹ́ gáréèjì wa ni, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹnìkan yóò ti fi rán ṣòkòtò fún ọmọ.

Mo mú àsíá kan. Mo nà án. Trélà kan tó ga ju ilé wa lọ ń bọ̀, ó sì dúró! Dírẹ́bà náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi tí mo ti fun fèrè mọ́ ìdajì àwọn ará Òkè-Ògùn! Ara mi bù máṣọ. Mo sọdá, mo yí padà, mo tún sọdá. Ní ìgbà tó ṣe díẹ̀ Rúkà fà mí lápá. "Bàbá mi, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń wò wá."

Mò ń kọjá ni

Lọ́jọ́ kan tí ọmọ wà níbi iṣẹ́, mo jáde lọ ra búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì wà lódìkejì onígun mẹ́rin kan, mo sì ti búra pé n kò ní yípo mọ́. Mo dúró, mo ronú. Ibi tí ilé pọ̀ tó báyìí, tó kọ ẹ̀yìn síra, kí là ń pe èyí bí kò ṣe agboolé? N kò sì tíì rí agboolé tí kò ní àbùjá nínú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wọ inú ilé ńlá kan. Ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ là fúnra rẹ̀, mo kà á sí pé wọ́n ti gbà mí láyè. Mo ké àgò. Àwọn tó jókòó pẹ̀lú àpótí ìrìn-àjò wọn gbójú sókè, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí kò ju ti mọ́tò lọ bù sí i. Mo ti fẹ́ẹ̀ dé ẹ̀yìn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù dá mi dúró. Ó ní ta ni mò ń wá. Mo ní n kò wá ẹnìkan, mò ń kọjá ni. Ó ní ilé àlejò ni ibẹ̀. Mo ní àlejò náà ni mí, mò ń kọjá ni.

Kò bínú o. Ó rẹ́rìn-ín, ó sìn mí padà sí ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé, ó ní kí ọjọ́ mi dára. Ìwà wọn nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń lé ènìyàn jáde, tó jẹ́ pé o ó ti dé ìta kó o tó mọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn yóò di ilẹ̀kùn mú fún ọ, wọn yóò yìn ọ́ fún fìlà rẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í bi ọ́ léèrè ilé. Mo ti sọ fún ẹni púpọ̀ pé ara ìyá mi kò yá tó tẹ́lẹ̀, "ó mà ṣe o" ni wọ́n ń wí, wọn kì í bi mí pé orúnkún wo ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àjèjì ni mí.

Ọ̀dọ̀ Sìọ́nè

N kò jáwọ́. Níwájú díẹ̀, mo rí gèètì kan tó ṣí sílẹ̀, mo rí mọ́tò tí wọ́n tú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo gbóòórùn ẹ́ńjìnnì-ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, òórùn yẹn dùn mọ́ mi bí òórùn ilé. Mo wọlé. "Àgò o! Àgò o, ẹ̀yin onílé!"

Ajá kan tó tó ọmọ màlúù ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan yọ láti abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ẹgbẹ́ mi ni, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, awọ ara rẹ̀ pọ́n ju tèmi lọ díẹ̀. Mo dúró gbagidi. Ó bi mí ohun tí mo ké.

Mo ṣàlàyé fún un bí Gẹ̀ẹ́sì mi ti mọ. Mo ní nílé wa, bí a bá fẹ́ gba àárín ilé ẹni kọjá, a kì í dákẹ́. A ó ké àgò, kí onílé lè mọ̀ pé ènìyàn ló ń bọ̀, kì í ṣe olè. Onílé yóò dáhùn pé, "Àgò yà." Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ tó lè wọlé.

Ọkùnrin náà gbé sípánà sílẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó ní Sìọ́nè lorúkọ òun, ará Tọ́ńgà, erékùṣù kan ní àárín agbami òkun, àti pé ní ilé wọn, bí ènìyàn bá ń kọjá níwájú ilé, dandan ni kí onílé ké sí i pé kó wá jẹun. Ó wá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kékeré kan ní ẹ̀yìn àgbàlá rẹ̀. Mo kọjá. Ilé búrẹ́dì wà níwájú mi gan-an! Mo fẹ́ẹ̀ fò sókè.

Nígbà tí mo ròyìn fún Rúkà ní alẹ́, ńṣe ló gbé ọwọ́ lé orí. "Sìọ́nè? Ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe? Yéè, Bàbá mi! Ibẹ̀ gan-an lẹ lọ!" Àṣé àwọn ti la ọ̀nà láti ìhà méjèèjì onígun mẹ́rin náà, pẹ̀lú òdòdó, àga ìjókòó àti iná, ọ̀nà náà sì ti wá ta gbọ̀n-ọ́n mọ́ ògiri Sìọ́nè. Àgbàlá rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ti kọ̀ jálẹ̀. Bí kò bá gbà, ọ̀nà tí kò jáde ni wọ́n là, wọn kò sì ní jẹ́ kí Rúkà la òmíràn mọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe débẹ̀ mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì búrẹ́dì tán nílé, mo tún gba ibẹ̀.

Iṣu lójú òkun

Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀. N ó ké àgò, Sìọ́nè yóò dáhùn láti abẹ́ mọ́tò, "Àgò yà!" ahọ́n rẹ̀ ń lọ́ ọ bó ti wù ú. Ajá náà kò tiẹ̀ dìde mọ́. A jọ ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, a jọ ń jiyàn. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó ní kí n mú ọmọ mi wá, kí a wá jẹun.

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, iṣu ni wọ́n gbé kalẹ̀! Iṣu gidi, ní Amẹ́ríkà! Sìọ́nè ní iṣu ni wọ́n fi ń yẹ́ ọba sí ní erékùṣù àwọn, ẹni tí iṣu rẹ̀ bá ta jù ni àgbẹ̀. Mo dìde dúró, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ jìgìjìgì. Ìyàwó rẹ̀ tún gbé ewé kókò wá, tí ó fi omi àgbọn sè, ó sì sọ fún mi kí n tó bèèrè pé ẹja ni òun fi sí tiwa dípò ẹran, nítorí òun rí mi tí mò ń lọ sí mọ́sálásí ní Jímọ̀. N kò mọ̀ pé ẹnìkan ń wò mí. Mo jẹ ìyókù oúnjẹ náà pẹ̀lú omi lójú, mo ní ata ni.

Nígbà tí a jẹun tán, Sìọ́nè yíjú sí Rúkà. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn èèyàn ọ́fíìsì yín wá síbí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, wọ́n rìn yí mi ká bí ẹni rìn yí táyà ká. Kò sẹ́ni tó kí mi. Bí ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà ò bá kí mi, ṣé ẹni tó máa gbà á ló máa kí mi?"

Rúkà dojú bolẹ̀. Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé, ọmọ mi sì mọ òwe yẹn láti kékeré. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì yẹn, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ ká tó kí yín." Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò tiẹ̀ mọ̀. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, Sìọ́nè ní kí n fi sílẹ̀, òun ti gbọ́.

Ó gbé e dìde. Ó ní ó ku ẹyọ ohun kan tó ń ba òun lẹ́rù. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ oníná kan káàkiri ìlú, eré tí wọ́n ń sá kò mọ níwọ̀n, wọn yóò sì gba orí ẹsẹ̀ òun kọjá lábẹ́ mọ́tò. Mo pariwo. "Ọ̀kadà! Ọ̀kadà náà nìyẹn!" Ni mo bá ròyìn wàhálà agboolé wa fún un, ewúrẹ́, àdògán, àti gèètì Lásísì. Rúkà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ gèètì náà rí.

Sìọ́nè bi mí pé, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ibo ló máa gbà?"

Mo ti rin ìrìn-àjò dé òdìkejì ayé, mo ti jẹ búrẹ́dì ọ̀nà àbùjá ọlọ́nà, n kò sì ní èsì fún ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Ojú tì mí níwájú ọmọ mi.

Sìọ́nè dìde, ó lọ síbi tó kó ìdọ̀tí irin jọ sí, ó fa ṣáàfù ọkọ̀ ńlá kan jáde, irin gbọọrọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ó fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ ní àárín ẹnu ọ̀nà, ó dì í mú kó dúró, ó ní kí n kọjá. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nírọ̀rùn. Ó ní kí n wò ó bóyá apá kẹ̀kẹ́ oníná lè gba ibẹ̀ lórí eré. Kò lè gbà á.

Ó ní, "Ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró ò gbọdọ̀ dá ìyá èèyàn dúró."

Kí n tó kúrò ní ìlú náà, Sìọ́nè ti gbà, wọ́n sì wó ògiri. Ṣáàfù kan dúró ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Sìọ́nè kùn wọ́n ní àwọ̀ ọsàn bíi ti àsíá, ó sì gbé àga rẹ̀ sí ibi tí kò sí ẹni tó lè kọjá láìrí i. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbà á. Mo ké àgò débi pé àwọn tó wà lójú títì bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó tẹ̀ lé mi ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtìjú ń ṣe wọ́n díẹ̀, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Rúkà di ọwọ́ mi mú.

Ilé

Gèètì ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Ìyá mi jókòó lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Kò bi mí léèrè Amẹ́ríkà. Ó kí mi títí, ó bi mí léèrè Rúkà, ó wá sọ pé, "Táájù, o ti dé. Ẹ wá sọ̀rọ̀ yìí tán kí n mọ ibi tí mo wà."

A pàdé lábẹ́ igi odán. Mo ní kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Lásísì fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà tán kẹ́ ẹ wá sọ pé kólè máa wọlé wá bá wa? Ta ló ń sun ibí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sọdá títì kiri?" Ẹ̀rín pa àwọn kan, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, n kò sì já a nírọ́. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí lọ́rì mi wà.

Ẹ mọ lọ́rì yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti kú síbẹ̀, koríko ti gba inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti wá fẹ́ rà á ní irin, mo ń lé wọn. Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo tú táyà ẹ̀yìn, mo fa ṣáàfù méjèèjì jáde. Bí mo ti ń fà wọ́n, mo mọ̀ pé lọ́rì náà kò tún ní lọ ibì kankan mọ́ láyé. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ọ̀kan, mo rí i pé Lásísì ti dúró tì mí. Ó gbé ìdí kejì.

A ri ọ̀kan mọ́ àárín ẹnu ọ̀nà iwájú, a ri èkejì mọ́ ti ẹ̀yìn, a po sìmẹ́ńtì sí i. Nígbà tó gbẹ, Lásísì gbé ọ̀kadà tirẹ̀ jáde láti dán an wò. Apá rẹ̀ há. Ó gbìyànjú apá ọ̀tún, ó gbìyànjú apá òsì, ó há. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá fẹ́ jí ewúrẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ ni yóò fi gbé e, yóò sì ti kí gbogbo ilé kó tó jáde. Gèètì rẹ̀ kò ṣòfò. Òun la fi sé àwọn ewúrẹ́ tó kù mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi yọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gba abẹ́ odán, ó dé ibi ṣáàfù ẹ̀yìn, ó dúró, ó sì gbé ọwọ́ lé orí irin náà láti sinmi. Ó ga dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ a kò wọ̀n ọ́n.

Ó bi mí pé, "Táájù, irin kí lèyí?"

"Irin lọ́rì mi ni, Ìyá."

Ó fọwọ́ pa á díẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí ọ̀nà, ó fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí gèètì ti dé ké e.

"Àgò o!"

Lásísì, tí àbàwọ́n sìmẹ́ńtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Àgò yà, Ìyá mi," ló wí. "Ẹ máa kọjá."